Bẹ́ǹṣì Mẹ́fà fún Ilé Àdúrà Àwọn Síìkì

Ìgbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ṣì lè ru pákó ìrókò dé Òkè-Ogbó láì sinmi... ìgbà yẹn ni mò ń sọ. Títí, ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn mi? Ó dáa.

Ẹ gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù fóònù tí wọ́n kùn ní búlúù yẹn, ilé àdúrà ni tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe mọ́sáláṣí. Àwọn Síìkì ló ń lò ó, àwọn ará Íńdíà tó máa ń wé láwàní, tí wọn kì í gé irun. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò. Èyí tó ń gbé ilé náà, Tíṣà Síńgì là ń pè é. Yàrá iwájú ló fi ṣe ibi àdúrà. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá láti Ìbàdàn, láti Òṣogbo, tìyàwó tọmọ.

Àwọn àgbà mọ́sáláṣí àdúgbò rí láwàní, wọ́n ní àlùfáà ńlá ló dé. Wọ́n lọ bá a.

"Àlùfáà, a ò rí yín ní Jímọ̀."

Ó ní, "Ẹ má bínú, èmi kì í ṣe Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."

Wọ́n sì jẹun.

Káfíńtà ni mí, ẹ mọ̀. Ó pè mí pé kí n kan pèpéle kékeré kan, ibi tí wọn yóò máa gbé Ìwé Mímọ́ wọn lé. Ìwé yẹn, bí ọba ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi aṣọ dáradára bò ó, wọ́n á máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Mo kan pèpéle. Mo wo yàrá, mi ò rí àga kankan. Mo ní, ilé Ọlọ́run wo ni kò ní bẹ́ǹṣì? Bóyá ojú ló ń ti ọkùnrin yìí láti sọ. Ni mo bá kan mẹ́fà, pákó tèmi. Mi ò bi í. Mo kó wọn dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Tíṣà wò wọ́n títí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Káfíńtà, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni gbogbo wa ń jókòó sí níbí. Kí ẹnikẹ́ni má ga ju ẹnì kejì lọ."

Ìtìjú bò mí. Ó kó wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn máa kó bàtà lé wọn lórí. Ọmọbìnrin aránṣọ kan wà níbẹ̀, òun ló rán aṣọ tí wọ́n fi bo Ìwé. Ó ní, "Káfíńtà, o káre. Bàtà jókòó sórí àga, àwọn oníbàtà wà nílẹ̀."

Ìyá yín àgbà nìyẹn. Àdùkẹ́.

Mo wá ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní oúnjẹ ni mò ń bá lọ. Irọ́ ni. Oúnjẹ wà o, ọ̀fẹ́, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè bí ọbẹ̀, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n yan lórí irin gbígbóná. Ẹnikẹ́ni tó bá yà, bọ́ bàtà, bo orí, jókòó, jẹun. Ta ló bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́? Lónìí ńkọ́? Kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn lásìkò oúnjẹ, wọ́n á kọ́kọ́ gbé abọ́ pamọ́.

Ilẹ̀ yẹn ló so wá pọ̀. Ọmọ Ìlódè ni mí, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni Àdùkẹ́, ẹ sì mọ ìjà tó wà láàárín àwọn èèyàn wa. Nígbà tí a ní a fẹ́ fẹ́ra, bàbá rẹ̀ ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá mi. Bàbá mi ní ta ló pè é. Tíṣà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kò sọ fún ẹnì kan pé èkejì ń bọ̀. Àgbà méjì bo orí, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ti bu oúnjẹ fún wọn, wọn ò lè dìde mọ́.

Bàbá mi ní, "Oúnjẹ yìí ò lẹ́ran."

Bàbá Àdùkẹ́ ní, "Èmi náà ti ń wá a."

Ó parí. A fẹ́ra wa.

Nígbà tó yá, owó ilẹ̀ yìí di yẹpẹrẹ, àwọn tíṣà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Síńgì ló lọ kẹ́yìn. Ó gbé Ìwé náà lérí, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ìdí mọ́tò. Ó fún ìyá yín àgbà ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Máa bá mi gbá a. Ẹni tí ebi bá ń pa, fún un jẹ."

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á bọ́ bàtà, á gbálẹ̀, á se ẹ̀wà. Títí, ìwọ náà jẹ níbẹ̀. Onílé tó fi ilé náà háyà fún Tíṣà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá ṣì ń lò ó, àwọn ò ní fọwọ́ kàn án.

Àìsàn wá dé. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. "Bàbá Délé, má jẹ́ kí wọ́n fi bàtà wọ̀ ọ́."

Mo ní mo gbọ́.

Mo gbọ́... A sin ín tán, mi ò lè dìde. Ọjọ́ Àìkú kìíní, mo dùbúlẹ̀. Èkejì, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbi tí kò sí mọ́? Oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo lọ, ilẹ̀kùn ti di gíláàsì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́kùnrin kan jáde, ó wọ bàtà, ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ ra fóònù ni?"

Ọmọ onílé dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. A ń wá lọ́jọ́ Àìkú, a ò rí ẹnikẹ́ni. A rò pé ó ti tán ni."

Kò parọ́. Ta ni kí n bá jà? Wọ́n ti fi bẹ́ǹṣì márùn-ún dáná. Wọ́n gbé ẹyọ kan fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́, ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bó jẹ́ ẹkún lẹ máa fi lọ, ẹ lọ. Ilẹ̀kùn kì í dúró de ọ̀fọ̀.

Délé ọmọ mi ní kí n máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní pálọ̀ yẹn, pé ilẹ̀ tútù. Mo ní rárá. Bàtà ìyá yín àgbà ló wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tó mi.