Orúkọ Yín Ló Wọlé, Ẹ̀yin Kọ́

Inú ọkọ̀ Odígbó tó ń dúró kó kún ní Ore ni mo wà, mo ń fọ́mọ lọ́mú, nígbà tí obìnrin kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé-ìwé yíjú sí ọkùnrin tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Bọ̀dá, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi dá sí i o. Wọ́n ti kọ lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi lé mi lẹ́nu iṣẹ́ o. Wọ́n ní èmi ni mo pa èsì ìdánwò àwọn ọmọ rẹ́."

"Orúkọ yín ló wọlé, ẹ̀yin kọ́. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ní kí kọ̀ǹpútà àgbà ilé-ìwé yín máa kọ ẹni tó bá wọlé sórí rẹ̀ láti òkèèrè sílẹ̀, pẹ̀lú aago àti ibi tó wà. Benin lẹni yẹn wà, níbi tí akọ̀wé yín àtijọ́ kó lọ. Ọjọ́ Sunday, aago mẹ́wàá àárọ̀."

"Aago mẹ́wàá! Iwájú pẹpẹ ni mo wà, à ń ya ọmọ mi sí mímọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé gan-an wà níbẹ̀, ó tún jẹ ìrẹsì!"

"Kí lẹ fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ́ ẹ fi ń wọlé?"

"Orúkọ ọmọ mi."

"Èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́, àti akọ̀wé àtijọ́ yẹn, wá gbọ́ níbi ìsọmọlórúkọ? Ẹ kú ọgbọ́n! Mo ti pa á rẹ́, ẹ ó yan òmíràn; mo sì ti ti ọ̀nà òkèèrè yẹn pa. Ẹ̀yin àti ọ̀gá nìkan ló lè wọlé láti ilé báyìí. Ẹni tó kù, kó wá jókòó sí ọ́fíìsì."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó wá ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Orúkọ mi ló wọlé, èmi kọ́."

Orúkọ ọmọ lèmi náà fi ti fóònù mi. Mo yí i padà kí ọkọ̀ tó gbéra.