Yíyan Gàrí Láìsí Ẹni Tó Ń Yan Án

Ní gáréèjì Ìlaròó, nígbà tí mọ́tò Ayétòrò kò tíì kún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì jókòó níwájú mi, mo sì gbọ́ ohun tí kò yẹ kí n gbọ́.

"Olùkọ́ mi ní kí n yọ màmá mi kúrò nínú pírójẹ́ẹ̀tì," ni èyí tó gbé báàgì lé itan wí. "Wọ́n ní kí n má kọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́, orúkọ iṣẹ́ nìkan ni kí n kọ."

"Kí lo wá kọ?"

"Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé màmá mi ń yan gàrí, èéfín sì ń kó sí wọn lójú. Mo yí i padà sí 'yíyan gàrí àti ìpalára èéfín fún ojú.'"

"Ṣebí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Kí ló wá ń dùn ẹ́?"

"Inú mi dùn pé wọ́n ní kí n yọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará kíláàsì wa mọ̀ pé ayangàrí ló bí mi."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yíjú wò ó.

"Lánàá, màmá mi ní kí n ka ìwé náà fún àwọn ní Yorùbá. Wọ́n wà nídìí agbada, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, 'Ìyà ń jẹ àwọn èèyàn yẹn o. Ibo ni wọ́n wà?'"

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ni."

"Háà."

"Wọ́n ní, 'Tó o bá tún débẹ̀, bá mi kí wọn.'"