Àwo Méjìlá Tí Ìyá Olóbì Jẹ Rámádánì

Nọ́ọ̀sì Ṣìfáwù ló kọ́kọ́ sọ fún Àwáwù pé kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn tẹ́ ẹ̀ ń tẹ fóònù. Wọ́n sọ fún un. Kò sẹ́ni tó lè wí pé wọn ò sọ fún un.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá egungun, tó fi oríkèé so ó pọ̀, tó fún un lágbára nígbà èwe, tó sì ń gba agbára náà padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò gùn. Ẹni tí Ọlọ́hun bá yọ̀ǹda fún, kó gba ìyọ̀ǹda. Ẹni tí Ọlọ́hun bá sì ní kó san nǹkan dípò, kó tètè san án. Fídíyà là ń pè é. Ẹni tí ogbó tàbí àìsàn tí kì í lọ kò bá jẹ́ kó gbààwẹ̀, kó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò gbà. Àwo oúnjẹ kan ni. Kì í ṣe màlúù. Ẹ wá gbọ́ bí àwo oúnjẹ ṣe di òkè ńlá lójú ẹnìkan.

Àwáwù yìí, Ìyá Olóbì ni gbogbo Apòmù ń pè é. Ogójì ọdún ló fi ta obì gbàǹja. Àwọn oníbàárà á wá láti Òkè Ọya, wọ́n á kó o ní apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ó lówó. Ṣùgbọ́n ahun ni. Bí eṣinṣin bá bà sọ́bẹ̀ rẹ̀, á ní kó nu ẹsẹ̀ kó tó fò lọ. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rọra rín in, ẹni tó jọ ọ́ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Làkúrègbé ò béèrè pé èló lo ní kó tó wọlé. Orúnkún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ́ sí ìka ọwọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ obì mọ̀ pé àtàǹpàkò ni olóbì fi ń jẹun. Wọ́n á rẹ obì sómi kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á wá fi àtàǹpàkò bó o lọ́kọ̀ọ̀kan láì dá a lọ́gbẹ́. Ìka Àwáwù wú, ó wọ́, ó dà bí atalẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú nílẹ̀. Láàárọ̀, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á máa bẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni bẹ ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Tó bá ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, tó bá foríkanlẹ̀, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn á gbọ́ bí orúnkún ṣe ń dún. Èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń dì mú kó tó lè dìde.

Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ máa jókòó sórí àga kírun. Ọlọ́hun gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Àga? Ṣé kóòtù ni mo wá ni?"

Ìgbà tí kò lè mú ṣíbí mọ́ ló tó gba ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Ṣìfáwù lọ. Nọ́ọ̀sì náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó fún un ní oògùn, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú omi tó pọ̀. Ó ní kó máa ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀, kó máa pa á dé kó máa là á, kó má jẹ́ kó gan.

"Ìyá, ogbó egungun ni. Kò ní lọ bí ibà ṣe ń lọ. A ó kàn máa rọ̀ ọ́ ni. Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ò sì ní gbà á lọ́dún yìí o. Tí oògùn yìí bá bá inú òfìfo, á bó inú yín bí ẹ ṣe ń bó obì."

"Bó inú ta ni? Ṣìfáwù, mo ti ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ẹ."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ sinmi."

Ó bínú kúrò níbẹ̀, ó lọ bá Áfà Líádì, ó rò pé Áfà á sọ pé irọ́ ni nọ́ọ̀sì ń pa. Áfà ní òótọ́ ló sọ. Ó ní kó jẹun, kó lo oògùn rẹ̀, kó san fídíyà, Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gbààwẹ̀.

"Èló ni, Áfà?"

"Àwo oúnjẹ kan lójúmọ́, fún tálákà kan, títí oṣù á fi parí."

"Ṣé ẹran wà nínú ẹ̀?"

"Irú oúnjẹ tí ẹ̀yin náà ń jẹ ni, Ìyá Olóbì."

"Èmi kì í jẹran."

"Ẹ yọ ẹran kúrò nígbà náà."

"Ṣé dandan ni kí wọ́n yó?"

Áfà Líádì wò ó títí. Ó ní, "Tálákà ò jìnnà sí yín, Ìyá. Ẹ yí ojú wo inú àgbàlá yín."

Ó mọ ẹni tí Áfà ń sọ. Nímọ̀tá ni, opó kan tó ń bá a bó obì lówó iṣẹ́. Iṣẹ́ kì í parí kí oòrùn tó wọ̀, inú àgbàlá yẹn náà ni Nímọ̀tá ti ń ṣínu. Omi ife kan, gààrí ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tán. Àwáwù ń rí i. Kí ló wí lọ́kàn ara rẹ̀? Ó ní, "Ẹni tí mò ń sanwó fún kì í ṣe tálákà." Ẹ ò rí i bí àwa oníṣòwò ṣe mọ ìṣirò?

Nígbà tó délé, ó kéde pé òun á gbààwẹ̀ òun. Ẹ̀yin èèyàn, mo bi yín, ṣé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni? Ahun ni! Ahun ni, ó kàn we gèlè ẹ̀sìn. Ọgbọ̀n àwo oúnjẹ ló ń sá fún. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ò mọ̀, wọ́n ń ní, "Máṣà Allah, ẹ wo Ìyá Olóbì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn!" Òun náà á fi ìbòrí bo ẹnu, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Oògùn ńkọ́? Kò fi í sílẹ̀, torí owó ló fi rà á. Ní àkókò sàárì, á mu ẹ̀kọ ìdajì ife, á ju hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, á fi omi ẹ̀kún ẹnu kan sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ń fọ́nnu ọgbọ́n yìí fún Nímọ̀tá nídìí obì.

Nímọ̀tá ní, "Ìyá, wọ́n ní lẹ́ẹ̀mẹta ni o, lẹ́yìn oúnjẹ."

"Mẹ́ta náà ni mẹ́ta. Inú kan náà kọ́ ni wọ́n ń lọ? Bó obì ẹ."

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ara fúyẹ́. Ó rìn dé mọ́ṣáláṣí láì mú ọ̀pá. Ó ní, "Ṣìfáwù wo ni?" Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ní ebi ni, ẹ̀san wà níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó bẹ̀rẹ̀ nídìí apẹ̀rẹ̀ kó ṣà nínú obì, ó bì. Ohun tó bì dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò. Ó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Ó fẹ́ di ògiri mú, ìka kọ̀. Ó jókòó sínú ohun tó bì.

Nímọ̀tá, tó ń gbààwẹ̀, tó tínrín bí igi ìdáná, ló pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́ dé ojú títì, tó wá ọ̀kadà.

Ó lo ju oṣù kan lọ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wá láti Ìbàdàn, ó wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọ̀gá òun ò fún òun láyè. Nímọ̀tá ló jókòó tì í. Owó obì ń jáde nílé bí omi ń jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Obì náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á mọ̀. Obì ń fẹ́ kí wọ́n máa yẹ òun wò, kí wọ́n máa pààrọ̀ ewé òun, kí wọ́n máa ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò. Obì kì í dúró de aláìsàn. Nígbà tí wọ́n gbé Àwáwù padà délé, apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá ló ní kí wọ́n ṣí. Kòkòrò ti sọ gbogbo ẹ̀ di ìyẹ̀fun.

Oògùn yẹn, dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́ láyé. Èyí tó kù fún un kò lágbára tó ìrora náà. Làkúrègbé wá padà, ó kó mọ̀lẹ́bí ẹ̀ dání. Ọrùn ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́, èjìká. Kò lè so ìró mọ́. Kò lè fọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́, ẹ dárí jì mí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Orí àga tó sọ pé ti kóòtù ni ló ń jókòó lé kírun, Nímọ̀tá ló sì ń ṣe àlùwàlá fún un. Oúnjẹ náà ńkọ́? Nímọ̀tá ló ń fi sí i lẹ́nu.

"Ẹ la ẹnu, Ìyá."

Á la ẹnu. Omijé á máa dà, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi nù ún.

Lọ́jọ́ tí Áfà Líádì wá kí i, ó ní, "Áfà, ọjọ́ méjìlá ni n ò gbà. Mo jẹ àwo méjìlá."

Áfà ní, "Ìyá, ẹni tí kò ní, Ọlọ́hun ò ní í bi í."

"Mo ní in nígbà tẹ́ ẹ sọ fún mi. Apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá ni mo ní."

Àwáwù ránṣẹ́ sí àwọn olóbì ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé obì wá, òun á bó o lówó iṣẹ́. Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n fi àánú gbé díẹ̀ wá. Láràárọ̀, Nímọ̀tá á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ síwájú rẹ̀, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí ìka á fi là. Àwáwù á bó obì, ọ̀kan, èkejì, bóyá ogún, ìka á tún padé. Obì tí Nímọ̀tá ń bó kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ń gba Àwáwù ní odindi ọ̀sẹ̀. Ìgbà mìíràn, àtàǹpàkò á yẹ̀, obì á lọ́gbẹ́, olóbì á yọ owó rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín bó o, kó yá."

"Ṣé ìwọ lo jẹ gbèsè ni?"

Owó ọ̀sẹ̀ kan, àwo ìrẹsì kan. Àwo kìíní, ó ní kí Nímọ̀tá gbé e fún afọ́jú tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ìkejì, ìyá arọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì wà tí kò lè dìde rárá, kò sí àwo kankan. Nímọ̀tá ló ń gbé gbogbo ẹ̀ kiri, kò sì sí ọjọ́ kan tí Àwáwù sọ pé kó mú ọ̀kan. Ahun ti tán lára rẹ̀ o. Ojú ló ń tì í. Ẹni tó ń fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu, báwo lo ṣe máa sọ fún un pé òun gan-an ni gbèsè tí o kọ̀ tí o ò san?

Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó ní kí Nímọ̀tá se ìrẹsì, kó ra ẹran sí i, ẹran tó tóbi.

"Ta ni kí n gbé e fún, Ìyá?"

"Gbé e síwájú mi."

Nímọ̀tá gbé e síwájú rẹ̀. Ó rò pé ìyá ló fẹ́ jẹun, ó ti ń jókòó láti fi sí i lẹ́nu. Àwáwù fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì há àwo náà. Ó fẹ́ gbé e. Àwo gbọ̀n, ìrẹsì dà díẹ̀ sílẹ̀, àwo padà sílẹ̀. Ó tún há a. Kò gbé. Òógùn bò ó lójú.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé e lé ọ lọ́wọ́. Èmi ló yẹ kí n gbé e lé ọ lọ́wọ́. N ò lè gbé e, Nímọ̀tá."

Nímọ̀tá fọ ọwọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó fa àwo náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Bísímílà." Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ ẹran, ó ṣa èyí tó dà sílẹ̀, ó lá ọwọ́. Àwáwù ń wò ó títí àwo fi mọ́.

Ó tán. Gbèsè tán. Ẹsẹ̀ náà kò sàn o, n ò ní í purọ́ fún yín. Ọwọ́ náà kò là ju bó ṣe wà lọ. Fídíyà kì í ṣe oògùn làkúrègbé, gbèsè ni, a sì ń san gbèsè nígbà tí ọwọ́ ṣì lè gbé àwo. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ jókòó sórí àga, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ̀yin tí tiyín kò tíì máa dùn, ẹ dìde fún wọn ní àga.

Ọlọ́hun, Ìwọ lo ń mú egungun rọ, Ìwọ lo sì ń mú ọkàn rọ̀. Fi ọ̀nà mọ̀ wá. Má ṣe jẹ́ kí ahun wọ aṣọ ẹ̀sìn lára wa. Ìrora tí o kò bá ní mú lọ, fún wa ní ẹni tí yóò bá wa gbé omi kaná. Àmín.