Ẹni Kẹtàlá Lórí Àtagbà Àdúrà

Ẹ gbé àwo yẹn sórí tábìlì, Àǹtí Bernadine, ẹ jókòó, kí ẹ wá sọ ẹni tó kú fún mi. Torí ní ìlú Orrin wa yìí, mi ò tíì rí ẹni tó gbé pòtétò oníwàràkàṣì wọ ilé onílé láàárọ̀ Sátidé láìjẹ́ pé òkú wà níbẹ̀. Nígbà tí Wendell ọkọ mi kú, àwo mọ́kànlélógún ni mo kà lórí tábìlì yìí, tí oníkálukú kọ orúkọ sórí téèpù tó lẹ̀ mọ́ ìdí tirẹ̀, tiyín ló tóbi jù. Mo fọ gbogbo wọn, mo sì dá gbogbo wọn padà. Ta ló wá kú lónìí? Èmi rèé láàyè. Ọmọ mi wà lókè, ó ń kàwé. Ajá wà lábẹ́ àga tí ẹ jókòó lé. Àfi bí ẹ bá mọ òkú tí èmi ò mọ̀.

Ó dáa. Ẹ ò wá nítorí òkú. Nítorí fóònù àná lẹ ṣe wá, mo mọ̀, mo ti ń retí yín láti àná. Ẹni tó gbẹ̀yìn lórí àtagbà àdúrà tí àwa ìjọ fi ń pe ara wa lórí fóònù ti pè yín, ohun tó sì sọ kọ́ ni ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. A máa padà síbẹ̀. Ẹ mu kọfí yín, ó ń tutù.

Ìwé kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ sí. Ìwé kan, bírò kan, kò tó ìṣẹ́jú kan. Kí ló wà nínú ìwé yẹn tí ẹ fi fẹ́ sọ mí di ẹni tí wọ́n ń torí ẹ̀ kúnlẹ̀ káàkiri ìlú? Ẹ rí ọmọ yẹn láti oṣù kẹrin tí katakata ti dà dé bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kòtò omi. Ẹ rí i pé fìlà bàbá rẹ̀ ló ń dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó lójú. Ẹ rí kóòtù bàbá rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, tó ń wọ́ dé orúnkún, tí mo ní ẹ jẹ́ kí n ká apá rẹ̀ sókè tó kọ̀. Nígbà tó mú sáàsì ilé ìdáná, tó gé irun rẹ̀ fúnra rẹ̀, ta ló bá mi tún un gé kó lè dọ́gba? Àbí kì í ṣe ẹ̀yin, lórí àga tí ẹ jókòó sí yìí gan-an, tí ẹ̀yin pẹ̀lú ń sunkún sí i lórí?

Ìgbà tí wọ́n wọlé ìwé padà ló wá bá mi. Ó ní, Màmá, mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Wendell. Mo ní Josie, kí ló dé? Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn mọ́.”

Àǹtí Bernadine, ẹ máa wò mí, ẹ má wo fèrèsé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Òótọ́ ló sì sọ. Èmi gan-an, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ‘bàbá rẹ’ ni mo ń wí. Ẹ̀yin, ‘àbúrò mi olóògbé.’ Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ‘arákùnrin wa tó ti sùn.’ Orúkọ ọkùnrin yẹn ti di ohun tí gbogbo wa ń fo kọjá bí ẹní ń fo ọ̀gbàrà, ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ tó mú un ńlẹ̀.

Tíṣà rẹ̀ wá sọ fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o, pé òun ò lè pè é ní orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ìbí, àyàfi tí òbí bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Òfin ni. Ta ló sì ṣòfin yẹn? Èmi ni! Èmi àti ẹ̀yin. Ẹ ò rántí ni? Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ilé ìwé jókòó, tí òjò dídì ń rọ̀, tí wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni oníkálukú máa fi sọ̀rọ̀, tí iná pupa tó ń ka àkókò sì ń tàn sí mi lójú bí ojú ológbò. Mo ní ìyá ọmọ ni mí, ohunkóhun tó bá kan ọmọ mi, kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́ jù. Nígbà tí ẹ wá ní ẹ fẹ́ díje wọ ìgbìmọ̀ náà, ta ló kọ́kọ́ ri pátákó yín mọ́ iwájú ilé rẹ̀? Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ kọjá lára rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wọlé. ÒBÍ LÓ NI ỌMỌ. Lẹ́tà pupa gàdàgbà.

Ó dáa, wọ́n bi mí. Òfin ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Àyè kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ní kí n kọ ìdí rẹ̀ sí, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Kí ni kí n kọ? Pé bàbá rẹ̀ kú? Ta ni kò mọ̀ ní ìlú tí gbogbo wa ò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ? Mo fi í sílẹ̀ lófìfo, mo ní á yé wọn. Àyè òfìfo yẹn lẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín dí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ìwé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí ẹ ń to ìwé. Ẹ to ìwé dé orí ìwé mi, ẹ kà á. Ẹ wọ ọkọ̀ yín, ẹ ń lọ sílé. Ọ̀nà ilé yín gba iwájú ilé mi, iná mi wà ní títàn, mo wà ní ilé ìdáná níhìn-ín, mo ń bó ápù, mo rí yín! Mo juwọ́ sí yín. Ẹ juwọ́ padà. Ìgbésẹ̀ méjìdínlógún ló wà láti ojú títì dé ẹnu ilẹ̀kùn yìí, àbúrò yín ló fi òkúta tẹ́ ẹ, ẹ̀yin náà mọ iye rẹ̀. Ẹ ò lè rìn ín. Ẹ délé, ẹ gbé fóònù, ẹ bẹ̀rẹ̀ àtagbà àdúrà.

Rárá, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ẹ ò dárúkọ, mo gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ lórí àtagbà wa, ẹ̀kọ́ Kristẹni ni. Nígbà tí ẹ ní kí wọ́n gbàdúrà fún ‘ẹnì kan tó ń ta ilẹ̀ rẹ̀ nítorí ọtí,’ ó gba ìlú tó ìṣẹ́jú mélòó kí wọ́n tó mọ ilẹ̀ wo ni?

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ẹ ti ṣì í ṣe. Orúkọ ogún ló wà lórí ìwé àtagbà, oníkálukú lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Ẹni kìíní á pe ẹnì kejì, ẹnì kejì á pe ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ já. Ẹni kẹtàlá, Wendell Vondra. Ẹ kò pa á rẹ́. Ẹ wò ó, ẹ ní òkú kì í gbé fóònù, wọ́n á fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni kejìlá, Màmá Opal ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, etí wọn ò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Màmá Opal ò fo nǹkan kan rí láyé wọn. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n tẹ nọ́ńbà ilé yìí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá.

Mo wà nísàlẹ̀, mo ń kó aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọmọ ló gbé e.

Hẹn-ẹn. Ẹ ò mọ èyí. Mo rí i lójú yín pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Màmá Opal ò dúró kí ẹnikẹ́ni dáhùn, ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n kàn kà á láti òkè délẹ̀. Ọmọ yẹn dúró síbẹ̀, ó ṣe ohun tó máa ń rí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀: ó fa ìwé pélébé ẹ̀gbẹ́ fóònù mọ́ra, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ ṣeun, mà. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo gòkè dé, ó na ìwé náà sí mi, ó ní, “Màmá, ṣé èmi ni? Ta ló kàn tí a máa pè?”

Ìwé náà rèé. Ẹ kà á. Ẹ mú gíláàsì yín, ẹ kà á sókè.

Ẹ ò fẹ́? Èmi á kà á. ‘Ẹ gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan ní ilé ìwé wa tí kò ní bàbá, tí ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé kó di ọkùnrin. Kí Ọlọ́run gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá yìí.’ Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ó tẹ́jú, ó mọ́. Ẹ wá wo ibí. Ó fi bírò pa ‘tí kò ní bàbá’ rẹ́. Ó kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, ‘ó ní.’

Ẹ má sunkún sí mi nídìí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n ráyè bínú ná. Kí Ọlọ́run gba ọmọ lọ́wọ́ mi! Pẹ̀lú pátákó yín níwájú ilé mi! Òbí wo ló wá ni ọmọ, Àǹtí Bernadine? Òbí tó bá ti ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ nìkan?

Ẹ ní tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan? Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀. Èmi tí mo bí i ò mọ̀, ẹ̀yin ti mọ̀ láàárín ọ́fíìsì àti ilé yín. Bóyá tí ọdún bá yí po á bọ́ fìlà, á ní Josie lòun. Bóyá kò ní bọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ rò pé kò bà mí? Mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi ni, mi ò fi rán ẹni ogún níṣẹ́. Ọmọ ẹni kò sì ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun yòówù kó dà, ibí ló ti máa jẹun, àga rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé mo ti bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá òfin yẹn jà. Obìnrin kan nínú wọn pè mí láti Lincoln, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, láàárọ̀ àná, mi ò mọ ẹni tó fún un ní nọ́ńbà mi. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní ṣé mo lè mú ọmọ náà wá sórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí ayé lè rí ohun tí òfin ń ṣe. Mo ní, mà, ohun tí òfin ṣe kò ju pé wọ́n bi mí, mo sì dáhùn. Ènìyàn ló ṣe ìyókù. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀yin fẹ́ fi ọmọ mi ṣàdúrà, àwọn fẹ́ fi ṣe pátákó. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹ wá gbọ́ ti fóònù àná. Ọmọ ní ta ló kàn. Àtagbà kò gbọdọ̀ já, òfin yín nìyẹn, mi ò sì já a. Faye, ẹni kẹrìnlá, ló kàn, mo pe Faye. Mo ní, ‘Ẹ gbàdúrà fún obìnrin kan nínú ìjọ wa tó mọ ilé àbúrò rẹ̀, tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, àmọ́ tí kò lè kan ilẹ̀kùn.’ Mi ò dárúkọ. Ẹ̀kọ́ Kristẹni ni. Faye pe ẹni tó kàn, ó fi lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni ogún, ẹni ogún sì pe ẹni kìíní, tí í ṣe ẹ̀yin. Ṣé ó dé tán? Kò dín, kò lé?

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ nu imú yín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ní kí ló ń ṣe mí. Àmọ́ ẹ̀rín kọ́ la máa fi parí rẹ̀.

Ẹ mú bírò yìí. Ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́ lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, láti orí ẹni kìíní, ẹ kọ ọ́. ‘Ọmọ tí mo ní kí ẹ gbàdúrà fún, ọmọ àbúrò mi ni. Ó ní bàbá. Wendell ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa pe òun náà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó fọwọ́ sí i. Èmi Bernadine Kucera ni mo ṣẹ̀ wọ́n.’ Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dárúkọ. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ẹ dárúkọ. Tó bá mú ìbò yín lọ, kó mú un lọ. Mi ò ní yọ pátákó yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kà á bí ẹ bá ń jáde, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì yé yín.

Àwo yín á wà níbí. Mo mọ̀ pé èyí tí ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín ni. Tí ẹni ogún bá ti pè yín padà, kí ẹ wá gbé àwo náà, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wá, ìgbésẹ̀ méjìdínlógún, kí ẹ kan ilẹ̀kùn.

Tí fóònù ibí bá sì dún, mi ò ní gbé e. Ẹni kẹtàlá ló máa gbé e. Màmá Opal á kà á fún un, á sì kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Tí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ ti rí i, ọmọ yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń fi bírò pa á rẹ́, tí wọ́n á kọ òótọ́ sókè rẹ̀.