Ẹ Fi Ọ̀nà Gbaffo Sílẹ̀ fún Gbaffo

Baba Gervais, alága ìgbìmọ̀ rádíò wa, mo kí yín. Fáda Narcisse, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà orí òkè, mo kúnlẹ̀. Alájì Gàníyù tó ń ta bátìrì fún wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ń tú èmi Odile sílẹ̀ lónìí, àmọ́ ẹnu mi ò tíì fẹ̀yìn tì.

Ta ló kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ rádíò yìí? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tíṣà mi ní Cotonou, ṣùgbọ́n ìyá mi ló ṣáájú wọn. Bó bá ń pe àbúrò rẹ̀ láti orí òkè kan sí èkejì, á ké ọ̀rọ̀ kan, á dúró kí àpáta dá a lóhùn tán, kó tó ké òmíràn. Ẹni tó bá kánjú, àpáta á da ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni rádíò. Ìgbì tó ń gbé ohùn wa ní ìbú tirẹ̀. Bí ìbú náà bá kéré, díẹ̀díẹ̀ lọ̀rọ̀ ń kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ̀, kó sì yá, kó fẹ ọ̀nà. Agbára tí ẹ bá fi kún ẹ̀rọ á ṣèrànwọ́ díẹ̀, àmọ́ kò lè sọ ọ̀nà oko di títì Glazoué.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, nígbà ìrìn-àjò mímọ́, ìgbìmọ̀ ra ẹ̀rọ tó lágbára, wọ́n ní kí àwòrán ihò Arigbo, níbi táwọn èrò ti ń gbàdúrà, gba ọ̀nà tí ohùn ilé ìwòsàn abúlé Gbaffo ń gbà. Mo ní ọ̀nà náà kò ní gbà á, torí àwòrán ń gba àyè ju ohùn lọ. Wọ́n ní Odile ti ń darúgbó. Àwòrán dé, ó dára, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ohùn Elvire, nọ́ọ̀sì Gbaffo, ń gé kélekèle. Obìnrin kan ń rọbí lọ́dọ̀ rẹ̀, a ò gbọ́ ohun tó ń wí. Diane, ẹlẹ́gbẹ́ mi, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó pa àwòrán. Ìgbà náà la gbọ́: “Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ẹ gbé mọ́tò wá.” Mọ́tò bá a láàyè. Diane, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn; ìwọ lo gbà wá.

Baba Gervais, mo gbọ́ pé lọ́dún yìí náà, àwòrán á tún gba ọ̀nà Gbaffo. Ṣé ẹni tí ejò ti bù ṣán rí kì í sá fún ekòló mọ́ ni? Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ nìyí lọ́wọ́ mi. Mi ò ní fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi dá mi lóhùn níṣojú Elvire tó jókòó síbí yìí: ta ló ni ọ̀nà yẹn?

Ẹ wí i sókè díẹ̀, Baba.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí? “Gbaffo ló ni ín. A ó wá ọ̀nà mìíràn fún àwòrán.” Fáda gbọ́, Alájì gbọ́. Diane, ìwọ ni ọ̀gá ibẹ̀ báyìí. Gba kọ́kọ́rọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí aboyún wa máa sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Kò ní sí ẹni tó máa ké nínú yín tí kò ní rí ẹni gbọ́. Ẹ ṣé o.