Tí Imú Bá Ń Yún Un

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ láti Richton Park lọ sí Chicago, lẹ́nu ìyá kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì àti ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ tó wà ní college.

"Auntie, mo fẹ́ fi nursing sílẹ̀. History ni mo fẹ́ ṣe."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ọkùnrin kan. Ó ti kú tipẹ́."

"Òkú ló wá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Wọ́n bí i láìní ọwọ́, láìní ẹsẹ̀. Ó ń bá àwọn eléré circus kiri America, àwọn èèyàn á sì sanwó wò ó. Ètè ló fi ń wé sìgá, á tún ṣáná sí i fúnra ẹ̀. Ó níyàwó, ó bímọ mẹ́rin."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Mẹ́rin? Ara ẹ̀ le nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tí mo kà kàn ń káàánú ẹ̀ ni. Èmi fẹ́ kọ nípa bó ṣe gbé ayé ẹ̀."

"Tí imú bá ń yún un ńkọ́? Ta ló ń bá a họ ọ́?"

"Mi ò rí i nínú ìwé kankan, ma."

"Àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ ni mò ń tọ́jú. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ká wọn lára nìyẹn. Lọ wádìí ẹ̀ dáadáa. Màá bá dádì ẹ sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà ń tẹ ìbéèrè náà sínú fóònù. Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn, imú ti ń yún mi, ojú sì ń tì mí láti họ ọ́.