Bátìrì Tó Wà Nínú Yàrá Màmá

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Dókítà ti sọ tiẹ̀, pé ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́; ó kan èmi náà. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kì í ṣe Wáyà, oníṣẹ́ iná wa, ló fa iná tó jó ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín. Èmi ni! Ẹ má wo ojú ara yín, orí mi pé.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n tú bátìrì ńlá inú mọ́tò oníná tó ti kú, kí n ṣa ibi tó ṣì lágbára, kí n tò ó pọ̀ di bátìrì ilé. Iṣẹ́ gidi ni, èmi ni mo bà á jẹ́. Mọ́tò kan dé tí omíyalé ti bò mọ́lẹ̀. Bátìrì tí omi bá ti wọ̀, a kì í tún un lò, torí ó lè gbiná nígbàkigbà. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ̀ wọ́n là ń kó wọn fún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mo sá a sóòrùn bí ẹni sá aṣọ, mo fẹ̀rọ wò ó, iná ṣì wà nínú ẹ̀. Ojúkòkòrò burúkú! Mo fi ṣe bátìrì ilé méjì.

Nígbà tí Wáyà wá gbé ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó rí irin kan tó ti dógùn-ún. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé omi ò wọ èyí?" Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Iná sọ, ó jó ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ránṣọ. Ta ló kọ́kọ́ nàka sí Wáyà? Èmi aláìnítìjú! Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ ohun tí mo bi yín fún wọn." Mo gbá a létí lójú gbogbo yín. Ẹ̀yin náà ń yìn mí pé mo dúró ti ẹbí! Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbéṣẹ́ fún un mọ́ ládùúgbò.

Mo ní méjì ni mo ṣe. Ìkejì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, tí ẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ pè mí lọ́mọ rere. Àìmọye ìgbà ni mo jókòó tì í, tí mò ń bá ìyá mi ṣàwàdà, tí mi ò yọ ọ́, torí ẹ máa bi mí pé kí ló ṣe é. Mo fẹ́ràn orúkọ mi ju ìyá mi lọ. Ẹran ni mí!

Ẹ má sunkún! Ẹ má tíì dárí jì mí, kò sáyè ìyẹn. Ẹ lọ gbé Màmá kúrò nínú yàrá yẹn. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fọwọ́ kan bátìrì náà, èmi ò lè dìde mọ́, Wáyà nìkan ló kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pè é. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Tó bá ní òun ò wá, ẹ sọ fún un pé Màmá ni, kì í ṣe èmi.